Kókó Ilé Búrẹ́mọ̀

Ìgbà kẹta nìyí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí okùn yóò ti òkun dé láìní ìwọ̀ lẹ́nu, ìgbà kẹta náà sì nìyí tí Mùílíù yóò gbé e sójú oòrùn, tí yóò wò ó títí bí ẹni ń ka lẹ́tà, tí yóò sì ní ẹja ọ̀hún ló lágbára. Sìdíkàt ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àwo ìlẹ̀kẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tí oníbàárà kan fẹ́ wá gbà lọ́la. Ó gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ. Kò gbójú sókè. Bí ó bá gbójú sókè, yóò sọ̀rọ̀, bí ó bá sì sọ̀rọ̀, wọn ò ní sọ ọ́ tán lọ́jọ́ yẹn. Inú ń bí i tó bẹ́ẹ̀ tí ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra.

Agbára ẹja wo? Bí ẹja bá lágbára ju okùn lọ, okùn á já ni, a ó sì rí ojú ibi tó ti já. Okùn tí Mùílíù ń yẹ̀ wò yìí kò já. Ó pé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló kàn ká kọ́rọ́kọ́rọ́ bí irun ọmọdé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú òwú lára rẹ̀. Kókó ló yọ̀. Ẹni tí kò rí òkun rí láyé rẹ̀ á mọ̀ pé kókó ló yọ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ẹ fẹ́ kí obìnrin náà ṣe? Ó ti sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, ó ti sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ti sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó ti gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ìwọ̀ síso ni iṣẹ́ Mùílíù. Ọ̀gá Hùnsù, ọmọ ẹ̀yà apẹja tí wọ́n ń pè ní Plá, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ṣakété, ló ni ọkọ̀ tó ń lọ pẹja lójú òkun Kútọnu. Bí ó bá dé ojú agbami, á na okùn gígùn kan sínú omi, ọ̀ọ́dúnrún okùn kéékèèké á so rọ̀ mọ́ ọn, ìwọ̀ kan a sì wà lẹ́nu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Okùn kéékèèké wọ̀nyẹn ni tí Mùílíù: òun ló ń so ìwọ̀ mọ́ wọn nísàlẹ̀, òun ló ń so wọ́n mọ́ okùn gígùn lókè, òun náà ló ń tò wọ́n yí ẹnu agbọ̀n ká kí wọ́n má baà lọ́ mọ́ra. Okùn gígùn fúnra rẹ̀, àti àwọn ojóbó òwú ara rẹ̀ tí okùn kékeré kọ̀ọ̀kan ń gbà so, Ọ̀gá Hùnsù kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a ṣe wọ́n. Ó ní ọlọ́kọ̀ ló ni ìyẹn.

Mùílíù kò lè wọ ọkọ̀. Alárù ni tẹ́lẹ̀ ní wáàfù, afárá onírin gígùn tí ọkọ̀ òkun ń já ẹrù sí. Ọdún kẹjọ nìyí tí àpótí kan já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún níbẹ̀, ẹsẹ̀ náà kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Láti ìgbà náà, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù tó fi ń dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Sìdíkàt mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi tíì fi àwo ìlẹ̀kẹ̀ là á lórí.

Búrẹ́mọ̀ tó bí Mùílíù ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí nílé wọn. Nígbà tí bàbá náà ti Ṣakété wá sí Kútọnu, kò mọ òkun yàtọ̀ sí ọ̀sà. Àwọn Plá tó máa ń ju ìwọ̀ sómi lábẹ́ wáàfù ló kọ́ ọ ní kókó títa, nígbà tó sì ṣe, ó mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kọ́ ọ lọ. Ó wá fi ohun kan kún un tó jẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá ti ta kókó sójú ìwọ̀ tán, kò ní gé ìrù okùn náà kúrò, á ta kókó bíńtín méjì sí i, èkíní lé èkejì. Ààmì ilé Búrẹ́mọ̀ nìyẹn, gbogbo etíkun títí dé Sèmè ló mọ̀ ọ́n.

Ààmì náà kì í ṣe fáàrí. Àṣà wọn létíkun ni pé bí ẹnìkan bá pa ẹja, tó sì bá ìwọ̀ onílé mìíràn lẹ́nu rẹ̀, òun ló ni ẹran ẹja, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gé orí rẹ̀ tòun tìwọ̀ lẹ́nu, kí ó fi ránṣẹ́ sílé ẹni tó so ìwọ̀. Kókó ni wọ́n fi ń mọ ilé tí wọn ó gbé e lọ. Nígbà ayé Búrẹ́mọ̀, orí ẹja kì í wọ́n nílé yìí, ìyá Mùílíù a tilẹ̀ máa ráhùn pé ojú ẹja ti sú òun. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ tó bá wà lẹ́nu ẹja láìní kókó, ìwọ̀ tí kò ní baba ni. Ẹni tó bá rí i á yọ ọ́ sápò, á máa bá tirẹ̀ lọ. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí orí ẹja kankan ti wọ ilé Mùílíù gbẹ̀yìn.

Okùn náílọ́ọ̀nù ló fà á. Okùn òwú ni Búrẹ́mọ̀ lò títí ó fi kú, òun náà ni Mùílíù fi kọ́ṣẹ́. Òwú a máa mu omi, a máa wú, kókó rẹ̀ a sì di mọ́ra pinpin, eyín ni wọ́n fi ń tú u. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun ń jẹ òwú, nítorí náà Búrẹ́mọ̀ máa ń fi àdín pa kókó kọ̀ọ̀kan, ó sì fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ bí ìwàásù: kókó tí kò bá tíì rí àdín, kò tíì parí. Nígbà tó wá di ọdún kejì òmìnira, Ọ̀gá Hùnsù lọ sí bútíìkì kan ní Ganhi, ó ra okùn náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bí omi. Okùn náà dára, a ò lè purọ́ mọ́ ọn. Iyọ̀ kò lè jẹ ẹ́, ọkùnrin méjì á fà á, kò ní já. Ṣùgbọ́n kì í wú, ara rẹ̀ sì ń dán. Kókó tó ń di òwú mú ṣinṣin, ńṣe ló ń yọ̀ bọ̀rọ́ lára tirẹ̀. Kí ni Mùílíù wá ṣe sí i? Ó fi àdín pa á. Bí ó bá yọ̀ lónìí, á fi àdín kún un lọ́la. Ẹ gbà mí o, ọkùnrin náà ń fi epo pa ohun tó ń yọ̀ kí ó má baà yọ̀.

Sìdíkàt ti jẹ ìyà náílọ́ọ̀nù kí ọkọ rẹ̀ tó mọ orúkọ rẹ̀. Ọjà Gbégamey ló ti ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àti tẹ̀súbáà tó fọwọ́ ara rẹ̀ sín. Oṣù tó kọ́kọ́ fi náílọ́ọ̀nù rọ́pò òwú, ìlẹ̀kẹ̀ ìyàwó tuntun kan tú sílẹ̀ láàárín ọjà, ó fọ́n kálẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, ìyàwó ń sunkún, Sìdíkàt ń rákò nílẹ̀ láti ṣà á. Ojú tì í débi pé ó jókòó ọ̀sẹ̀ kan gbáko tó ń ta kókó, tó ń tú u, títí ó fi mọ ohun tí okùn yẹn ń fẹ́. Á ti ẹnu okùn bọ inú ihò, á yí i mọ́ ara okùn lẹ́ẹ̀meje, á dá ẹnu rẹ̀ padà sínú ojú àkọ́kọ́, á fi itọ́ rin ín, lẹ́yìn náà ni yóò wá fà á, díẹ̀díẹ̀. Bí o bá yí i lẹ́ẹ̀mẹta, ó yọ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún á mú un títí di ọjọ́ tí yóò dójú tì ọ́. Ẹ̀ẹ̀meje kì í tú. Bí o bá sì ní o fẹ́ gbọ́n ju méje lọ, á kàn ṣù jọ ni, kò ní wọlé síra rẹ̀, àṣejù baba àṣetẹ́. Bí o bá fà á ní gbígbẹ, gbígbóná rẹ̀ á jẹ ẹ́ lára, ibẹ̀ ni yóò sì ti já.

Gbogbo èyí ló ti ṣàlàyé fún Mùílíù. Ní ọjọ́ kan, ó tilẹ̀ kan ìṣó mọ́ òpó ilẹ̀kùn, ó ní kí Mùílíù so tirẹ̀ mọ́ ọn, kí òun náà so tòun, kí àwọn jọ fà á. Mùílíù fa tirẹ̀, ó yọ̀. Ó fa ti Sìdíkàt, ó fi gbogbo ara fà á, ìṣó ló tẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ pé, kò ha ní mọ ohun tó kàn? Mùílíù wo ìṣó, ó wo okùn, ó ní àdín òun ni kò tíì wọ inú kókó dáadáa. Nígbà tí Sìdíkàt fẹ́ fèsì, ọkọ rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè.

“Ìlẹ̀kẹ̀ ni tìrẹ, Ìyá Kúbúrá. Ẹja kì í lo ìlẹ̀kẹ̀ ìdí.”

Kúbúrá ni ọmọ wọn kan ṣoṣo, ó ti wà nílé ọkọ ní Pobè. Ọjọ́ náà ni Sìdíkàt ronú pé òun yóò kó lọ bá a ní Pobè, òun yóò fi ọkùnrin yìí sílẹ̀ pẹ̀lú àdín rẹ̀. Kò kúkú lọ.

Ní ọjọ́ Àlàrùba, Ọ̀gá Hùnsù wá. Ó jókòó, ó gba omi mu, ó béèrè ẹsẹ̀ Mùílíù, ó béèrè ọmọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ìyẹn gan-an ló já Sìdíkàt láyà, nítorí ọkùnrin tó máa ń pariwo ni. Ó ní òun kì í ṣe ẹni tó máa gbàgbé Búrẹ́mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí òun ń bá wọ ọkọ̀ ti ń kùn. Òun yóò lọ sójú òkun ní ọjọ́ Àtìní. Bí ẹyọ ẹja ńlá kan bá tún lọ nítorí kókó, òun yóò kó agbọ̀n lọ fún ọkùnrin kan lẹ́bàá wáàfù tó ti mọwọ́ náílọ́ọ̀nù. Mùílíù fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Ó ní kí Ọ̀gá lọ fọkàn balẹ̀, òun yóò fi àdín méjì pa tọ̀tẹ̀ yìí.

Àdín méjì. Sìdíkàt dìde, ó wọ inú ilé, ó lọ fi orí ti ògiri. Kì í ṣe oúnjẹ ló ń bà á lẹ́rù, ìlẹ̀kẹ̀ lè bọ́ àwọn méjèèjì. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni àwọn ọkùnrin tó máa ń rí lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà èbúté tuntun, àwọn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń ka kàmíọ̀n tó ń ru òkúta lọ dà sínú òkun láti àárọ̀ títí ọ̀sán. Ọkùnrin tó ń tiro bí i Mùílíù, bí wọ́n bá gba okùn lọ́wọ́ rẹ̀, abẹ́ igi yẹn ni yóò jókòó sí, kò sì ní dìde níbẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ràn òpònú ọkùnrin náà. Ọ̀rọ̀ náà ì bá má dùn ún tó bẹ́ẹ̀ bí kò bá fẹ́ràn rẹ̀.

Bí Ọlọ́run yóò ti ṣe é, ìròyìn dé lọ́jọ́ kejì pé àbúrò Búrẹ́mọ̀ kan ti kú ní Ṣakété, ìdílé sì ń retí Mùílíù níbi àdúà. Ó so ìwọ̀ rẹ̀ tán ní àárọ̀ Jímọ̀, ó pa á ládìn-ín títí gbogbo agbọ̀n fi ń dán, ó wọ mọ́tò lọ. Ó ní ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kí òun tó dé.

Mọ́tò náà kò tíì kúrò nígboro tí Sìdíkàt fi ti bu omi sínú ọpọ́n. Ó tú gbogbo okùn kéékèèké náà kúrò nínú ojóbó Ọ̀gá Hùnsù, ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì kí òórùn àdín tó kúrò, ó sá wọn. Lẹ́yìn náà ló jókòó. Ọ̀ọ́dúnrún ìwọ̀, orí méjì fún okùn kọ̀ọ̀kan. Kò lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, kò lọ lọ́jọ́ kejì. Á yí i lẹ́ẹ̀meje, á dá a padà, á fi itọ́ rin ín, á fi ètè àti ọwọ́ fà á. Nígbà tó fi di ọ̀sán Sátidé, náílọ́ọ̀nù ti la ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi mẹ́ta, ata kò ṣeé fi kàn án. Ó ń bá ìwọ̀ jà lẹ́nu bí ẹni ń bá èèyàn jà. Ó ń bi ìwọ̀ pé irú ọkọ wo nìyí, pé ṣé àwọn ìwọ̀ náà rí irú rẹ̀ rí.

Ó lè sọ fún Mùílíù pé òun ti tún un so. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ ọ́, ọkùnrin náà yóò jókòó, yóò tú gbogbo rẹ̀, yóò sì gbé àdín. Nítorí náà, bí ó bá ti ta kókó ọlọ́nà méje tirẹ̀ tán, kò gé ìrù okùn náà. Á ta kókó bíńtín méjì sí i, èkíní lé èkejì, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń rí i lójoojúmọ́ láti ọdún tó ti wọlé ọkọ. Ó ní kí Mùílíù má baà fura ni. Òun náà mọ̀ pé kò parí síbẹ̀. Ìwọ̀ ilé Búrẹ́mọ̀ kò gbọdọ̀ wọ òkun láìní baba. Nígbà tó parí, ó fi àdín díẹ̀ ra ẹnu agbọ̀n kí ó lè máa rùn.

Mùílíù dé ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú. Kí ó tó bọ́ fìlà, ó ti lọ sídìí agbọ̀n, ó fimú gbọ́ ọ, ó rí kókó méjì ìdí okùn, ó mi orí. Ó ní àdín ti wọ inú kókó báyìí, Ọlọ́run ṣeun. Ìgbà tí Sìdíkàt gbé oúnjẹ wá fún un ni Mùílíù rí ètè rẹ̀, ó bi í pé kí ló là á. Sìdíkàt ní ọ̀yẹ́ ni. Mùílíù na ọwọ́ sí igbá àdín, ó ní kí ó fi pa á. Sìdíkàt wo igbá náà, ó wo ọkùnrin náà, ó dìde lọ fọ abọ́. Bí ilé bá ń jó, àdín ni Mùílíù yóò ní kí wọ́n gbé wá.

Ní ìdájí Àtìní, àwọn ọmọ ọkọ̀ wá gbé agbọ̀n lọ. Mùílíù tẹ̀ lé wọn dé etíkun pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ń ṣàlàyé àdín fún wọn lójú ọ̀nà.

Ní àárọ̀ Àtàláátà ni Ọ̀gá Hùnsù wọlé. Kò jókòó, kò gba omi. Ó ní òun wá kó ẹrù òun: okùn náílọ́ọ̀nù tó kù, ìwọ̀ tó kù, agbọ̀n kejì. Ó ní àwọn rí ẹja lóòótọ́, ẹja wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ẹja ńlá kan tó gùn tó ọmọ ọdún mẹ́wàá gbé ìwọ̀ mì, gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ló rí ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ló bá fipá já ara rẹ̀ gbà, ó lọ, tòun tìwọ̀, tòun tokùn kékeré. Tẹ́lẹ̀, ó ní, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń yọ̀, okùn kékeré a ṣì máa wá sílé. Ó ti wá di pé lókè náà ń yọ̀ kúrò nínú ojóbó.

Sìdíkàt dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lókè. Ó so ti òkè gbẹ̀yìn, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí ojú ti ń ro ó, tí ètè ń ta á. Ó ṣeé ṣe kó ṣi ọ̀kan kà. Ó ṣeé ṣe kó fa ọ̀kan ní gbígbẹ. Bí èèyàn bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Òun tó ní òun fẹ́ gba ọkọ òun sílẹ̀, òun gan-an ló wá fọwọ́ ara òun mú un lọ sábẹ́ igi.

Ó yíjú sí Mùílíù. Ó ń dúró kí ó sọ pé ẹja ló lágbára, kí ó sọ pé àdín kò tó, bí ó ti máa ń sọ. Mùílíù tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan, ó ń wò wọ́n.

Ó ní, “Ọwọ́ mi ni. Kì í ṣe okùn, kì í ṣe ẹja. Ọwọ́ mi ni kò mọ̀ ọ́n mọ́, Ọ̀gá. Ẹ máa kó o lọ.”

Ẹ wò ó, oṣù mẹ́rin ni obìnrin yìí ti ń fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ì bá ti se ìrẹsì sí i bí ó bá gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọjọ́ tí kì í ṣe òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ wá yan láti sọ ọ́. Inú bí Sìdíkàt sí i, àánú rẹ̀ ṣe é, méjèèjì dé pa pọ̀, ni ẹnu rẹ̀ bá là.

“Kì í ṣe ọwọ́ wọn, Ọ̀gá. Wọn ò sí nílé. Èmi ni mo tú gbogbo ẹ̀, èmi ni mo tún un so.”

Mùílíù gbójú sókè díẹ̀díẹ̀. Ó bi í pé ṣé gbogbo ọ̀ọ́dúnrún. Sìdíkàt ní gbogbo ẹ̀. Mùílíù tún béèrè pé àdín ńkọ́. Sìdíkàt ní ẹnu agbọ̀n ni òun fi pa. Ọ̀gá Hùnsù pàtẹ́wọ́, ó ní òun ti gbọ́ ohun tí òun kò gbọ́ rí, pé onílẹ̀kẹ̀ ọjà Gbégamey ló ń so ìwọ̀ tí òun ń gbé lọ sójú agbami. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn tó kù sọ́wọ́. Mùílíù kò wo ìyàwó rẹ̀ mọ́, ilẹ̀ ló ń wò.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Àdùní fi ké àgò lójúde. Obìnrin tó ń lọ ra ẹja ní Sèmè láti wá yan án ní Gbégamey ni, aládùúgbò wọn ni. Ó sọ agbọ̀n orí rẹ̀ kalẹ̀, ó ṣí ewé orí rẹ̀, orí ẹja kan wà níbẹ̀ tó tóbi tó ìkòkò ọbẹ̀. Ó kí wọn kú orí ire. Ó ní àwọn tó ń fa àwọ̀n ní Sèmè ló ní kí òun gbé e wá, pé ẹja náà rìn wọ inú àwọ̀n wọn lánàá pẹ̀lú okùn tó ń wọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó ní wọ́n rí ààmì ilé Búrẹ́mọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọn ò sì fẹ́ jẹ orí ẹja olórí.

Mùílíù fa orí ẹja náà mọ́ra. Ìwọ̀ náà wọ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja dé ìdí. Kókó wà lójú rẹ̀, ọ̀nà méjèèje tò síra wọn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó, ìrù okùn wà níbẹ̀ pẹ̀lú kókó bíńtín méjì. Ó fi ìka tọ okùn kékeré náà lọ, ó ṣì pé, kò já níbì kankan. Ó dé òkè. Kókó òkè náà wà níbẹ̀, ọ̀nà méje, ó di ohun dúdú kan mú. Òwú ni, ó ti rà, ó ti já sí méjì. Mùílíù gbé e sójú oòrùn gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wá nà án sí Ọ̀gá Hùnsù.

Ọ̀gá Hùnsù gbà á. Ó fi èékánná rẹ́ ẹ, ó fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Ojóbó rẹ̀ ni, èyí tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ra náílọ́ọ̀nù tuntun sára ọ̀ọ́dúnrún ìwọ̀, ó fi òwú ọdún mẹ́ta sílẹ̀ lára èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ti ọ̀nà jíjìn wá kó ẹrù rẹ̀, kò kọ́kọ́ ka ojóbó ara okùn rẹ̀ wò bóyá ó pé, nítorí ta ní í wá ẹ̀bi lọ sílé ara rẹ̀?

Ọ̀gá Hùnsù tú okùn tó ti ká sọ́wọ́, ó dá a padà sínú agbọ̀n.

“Ìyá Kúbúrá, bí ẹ bá ti ráyè, ẹ bá mi ṣe ojóbó yẹn náà. Gbogbo ẹ̀.”

Ó kí Mùílíù, ó kí Àdùní, ó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Àdùní náà gbé agbọ̀n rẹ̀, ó ní ẹja òun ń retí iná.

Ó wá ku àwọn méjèèjì àti orí ẹja. Sìdíkàt dúró, ó ń retí. Ó ti mọ ọkùnrin yìí, yóò ní bí àdín bá wà lórí rẹ̀ ni, ẹja náà kò ní dé Sèmè. Ó ti to èsì rẹ̀ sílẹ̀, oṣù mẹ́rin ló fi tò ó, ó fẹ́ sọ gbogbo ẹ̀ lónìí. Mùílíù kò tíì fi kókó bíńtín méjì náà sílẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa wọ́n.

Ó béèrè pé ta ló kọ́ ọ ní èyí. Sìdíkàt ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun, pé bí èèyàn bá ti ń wo nǹkan láti ogún ọdún, á mọ̀ ọ́n.

Mùílíù na ọwọ́, ó gbé igbá àdín. Sìdíkàt fa èémí sínú, ó la ẹnu. Mùílíù ki ìka kan sínú igbá náà, ó fi ọ̀pá gbéra sókè, ó wá bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó fi pa ètè rẹ̀ níbi tí okùn ti là á. Ó ṣe é pẹ̀lẹ́, bí ó ti máa ń fi pa ìwọ̀.

Mùílíù gbé igbá náà wọnú ilé, ó lọ fi í sí orí pẹpẹ, níbi tó jìnnà sí agbọ̀n. Nígbà tó jáde, ó jókòó, ó mú ìwọ̀ kan àti okùn kan. Ó ti ẹnu okùn bọ ojú ìwọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i, ó ń kà á lábẹ́ ẹnu. Ó dá a padà sínú ojú àkọ́kọ́, ó gbé e lọ sẹ́nu láti fi itọ́ rin ín.

Sìdíkàt ní, “Ẹ tú u. Mẹ́fà nìyẹn.”

Mùílíù tú u.